Mẹ́ta Nínú Ẹgbẹ̀rún

Wọn kò yọ orúkọ Ṣẹ̀fíátù Àmúsà kúrò lára iṣẹ́ tó ṣe. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gàdàgbà, lẹ́yìn orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó sì bí i nínú gan-an nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún 2006 ló mọ̀. Ó jókòó sí káfé kọ̀ǹpútà kan ní Second Avenue nínú Festac, ó fẹ́ wo lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sí i láti Kánádà, ló bá rí lẹ́tà mìíràn lókè rẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọmọbìnrin tó kọ ọ́ ń jẹ́ Ọlámipọ̀, ó ń kàwé gba oyè dókítà ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà," ọmọ náà kọ ọ́ báyìí. "Ẹ má bínú pé mo ń pè yín ní Àǹtí láìmọ̀ yín rí. Nígbà tí mo rí orúkọ yín àti ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníran nínú jọ́nà yẹn, ńṣe ni mo ń fò sókè nínú láàbù. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé àwọn ará ilé mi ló ṣe é, pé òun ni mo máa fi ṣe iṣẹ́ oyè mi. Oṣù mẹ́jọ rèé, Àǹtí. Gbogbo ohun tí ẹ kọ ni mo ṣe. Ẹ̀yin ní pánẹ́ẹ̀lì yín ń sọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn di iná. Èmi kò rí ju mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Ọ̀gá mi ní bóyá ọwọ́ mi ni kò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ń ṣì ṣe?"

Ẹ̀rín ni Ṣẹ̀fíátù kọ́kọ́ rín. Ó rò pé ọmọ náà ṣì í kà ni, nítorí mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún gẹ́lẹ́ ni òun náà rí. Ó ṣí ìwé tí ọmọ náà so mọ́ lẹ́tà. Ẹ̀rọ ń wọ́ bí ìgbín, ojú ewé ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Ó rí orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníran. Ó rí tirẹ̀. Ó rí àwòrán ìgò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ìgbà tó dé ibi tí wọ́n to èsì sí, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan ti sún pọ́íǹtì. Ohun tí òun kọ ní 0.3 ti di 3.0.

"Madam, àkókò yín ti pé o," ni ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ káfé wí.

Ṣẹ̀fíátù san owó wákàtí mìíràn, ó ní kó bá òun tẹ ìwé náà sórí bébà.

Ọmọ Kuje lẹ́bàá Festac ni Ṣẹ̀fíátù, ọmọ onílẹ̀. Àmúsà, bàbá rẹ̀, ló ń bá àwọn sọ̀fíyọ̀ fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ kiri Amuwo-Odofin kó tó di pé ilé kún ibẹ̀. Bàbá náà kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í parọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ gan-an ti wá bá a rí pé kó fi ẹsẹ̀ méjì kún ilẹ̀ àwọn, ó lé wọn jáde tòun ti obì tí wọ́n mú wá. Ó máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ohun tí ẹ̀wọ̀n bá sọ ni kí o kọ. Tí o bá kọ òmíràn, ilẹ̀ kò ní gùn sí i, ìwọ ni wàá kúrú."

Ọmọ náà ka kẹ́mísírì ní pólì, ó sì gba iṣẹ́ tẹkinọ́lọ́jíìsì ní yunifásítì kan nínú Èkó. Lójú àwọn olùkọ́ ibẹ̀, tẹkinọ́lọ́jíìsì kò ju ẹni tó ń fọ ìgò, tó sì ń tilẹ̀kùn láàbù lọ. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ṣe é. Ó mọ àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ju àwọn tó ń fi wọ́n gba oyè lọ, ṣùgbọ́n bí ìpàdé bá ti bẹ̀rẹ̀, ìta ni tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Kuje, òun àti Yíwọlá ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé.

Ọláníran nìkan ló yàtọ̀ láàárín àwọn olùkọ́. Ó máa ń ní kó jókòó, ó máa ń yá a ní jọ́nà, ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń ròyìn iṣẹ́ wọn. Òun ló kọ́kọ́ là á yé e pé irú pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kan wà tó jẹ́ pé aró lásán ni wọ́n fi ń ṣe é, aró tí wọ́n tẹ́ lé gíláàsì, tó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Bí oòrùn bá lu aró náà, á ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nù kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn kì í rìn jìnnà. Bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ló rí, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ń wò. Àfi kí ohun mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò gbà á, tí yóò sì mú un lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á padà síbi tó ti wá, iná kò sì ní sí. Ohun tó ń gbà á yẹn ni gbogbo ayé ń wá kiri. Èyí tó dáa jù lọ́wọ́ wọn nígbà náà ni kábọ̀n kan tó rí roboto bí bọ́ọ̀lù. Ọ̀wọ́n gógó ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mu ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn Ṣẹ̀fíátù. Lọ́dún 2003, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti yunifásítì pa, ó gbé Pijó àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ sí Mazamaza kí wọ́n bá a tún un kùn. Fọláránmi tó ń po ọ̀dà ọkọ̀ níbẹ̀ ṣí agolo kan tí ẹ̀tù pupa dúdú kún inú rẹ̀.

"Àǹtí, èyí ni kí ẹ jẹ́ ká lò," ni Fọláránmi wí. "Àwọn pupa yòókù, kó tó pé ọdún méjì, oòrùn ti jẹ wọ́n tán. Ṣùgbọ́n èyí! Ọdún mẹ́wàá ló máa fi mu oòrùn, tí ojú rẹ̀ kò sì ní ṣá."

Ṣẹ̀fíátù yí agolo náà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Pẹ́rílíìnì. Ó ti rí orúkọ yẹn nínú jọ́nà tí Ọláníran yá a. Ó mọ̀ pé ìdílé àwọn nǹkan tó máa ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni. Ohun tí wọ́n ń rà bí ẹni ra wúrà lókè òkun, ìbátan rẹ̀ ló wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ní Mazamaza yìí. Ìdajì agolo mílíìkì ẹ̀tù náà ló gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ọláníran gbà fún un kó gbé pọ́ǹpù àtijọ́ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde láti láàbù lọ sí Kuje, ó sì fún un ní àpótí kékeré kan tí gíláàsì pẹlẹbẹ kún inú rẹ̀, èyí tó rà nígbà tó lọ ìpàdé lókè òkun. Yàrá ẹ̀yìn ilé di láàbù. Ṣẹ̀fíátù á da ẹ̀tù pupa sínú ìgò gígùn, á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, á fi iná sí i nídìí. Pupa á gbéra bí oru, á lọ dì mọ́ ibi tó tutù, wínníwínní bí abẹ́rẹ́, ìdọ̀tí á sì ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ìgbà mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó mọ́ tó bó ṣe fẹ́. Aró búlúù tí wọ́n tún ń po mọ́ ọ̀dà ló kọ́kọ́ tẹ́ sórí gíláàsì, ó tẹ́ pupa lé e, ó fi fàdákà bò ó. Wákàtí mẹ́fà ni pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ láìdúró. Bí iná bá lọ ní wákàtí karùn-ún, afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́. Iná ń lọ. Á sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀ ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Nígbà mìíràn ó máa ń gbá ògiri.

Mọ́kànlá ló ṣe, méje kú, mẹ́rin yè. Ó gbé wọn sí àgbàlá lọ́sàn-án gangan. Ìyá rẹ̀ wá ṣíji bò ó lórí.

"Màámi, ẹ gbé agbòòrùn yẹn kúrò! Oòrùn yẹn ni mò ń wá."

"O fẹ́ kí ó yan ọ́ ni?"

Nígbà tí ó wọn wọ́n tán, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rìn yí ká mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú oòrùn. Yíwọlá bi í bóyá nǹkan náà lè tan gílóòbù kan.

"Kò lè tan nǹkan kan, Màámi."

"Kí lò ń jó fún?"

"Ọ̀dà ọkọ̀ ni, Màámi! Ọ̀dà ọkọ̀ lásán ló gbà á!"

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, àwọn méje tó kú náà, kò fi wọ́n pamọ́. Ó fún Ọláníran ní ẹ̀dà kan. Inú ọ̀jọ̀gbọ́n dùn débi pé ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lójú gbogbo láàbù, ó ní òun máa fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan lókè òkun. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di pé bí Ṣẹ̀fíátù bá béèrè, èsì kan náà ni: "Ó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò." Ọdún kejì, wọ́n fi Ọláníran jẹ olórí ẹ̀ka. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún Ṣẹ̀fíátù pé ìwé ti jáde.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó ka lẹ́tà Ọlámipọ̀, ó mú ọ̀nà Raji Rasaki Estate pọ̀n, níbi tí Ọláníran ń gbé. Ó bá a lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó kúnlẹ̀ kí i, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ó sì gbé ìwé tó tẹ̀ ní káfé lé e lẹ́sẹ̀.

"Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló sún pọ́íǹtì yìí?"

Ọláníran wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Jókòó, Ṣẹ̀fíátù."

"Mo ti jókòó láti ọdún mẹ́rìnlá, sà."

"Gbọ́ mi. Mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún, ta ló máa tẹ̀ ẹ́ jáde? Láti ọdún 1986 ni àwọn òyìnbó ti rí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń lo bọ́ọ̀lù kábọ̀n ti ń sún mọ́ márùn-ún báyìí. Wọ́n dá ìwé wa padà lẹ́ẹ̀mejì! Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn wa ni. Pọ́íǹtì kan ṣoṣo ni. Orúkọ rẹ sì wà níbẹ̀, àbí ta ni tẹkinọ́lọ́jíìsì tí orúkọ rẹ̀ ti dé jọ́nà bẹ́ẹ̀ rí?"

"Ohun tí wọ́n rí, nǹkan olówó iyebíye ni wọ́n fi rí i. Àwa fi ọ̀dà Mazamaza rí tiwa. Ìyẹn ni ìròyìn tó wà níbẹ̀, sà! Ìyẹn tó láti sọ!" Ó na ìka sí orúkọ tirẹ̀ lórí ìwé náà. "Bí ẹ bá yọ orúkọ mi kúrò, màá ní ẹ jí iṣẹ́ mi, màá lọ sunkún nílé. Ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ mi sí irọ́. Orúkọ bàbá mi ni, sà. Ọmọ kan ti fi oṣù mẹ́jọ wá ohun tí kò sí, wọ́n ń sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò dáa."

"Ọmọdé ni, á rí iṣẹ́ mìíràn ṣe," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó sì tún awò rẹ̀ wọ̀.

Ká ní Ọláníran bínú padà ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá rọlẹ̀. Awò tó tún wọ̀ yẹn, bí ẹni pé wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán, ló ru Ṣẹ̀fíátù sókè. Kò kí i pé ó dàbọ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Festac, kò mọ̀ pé òun rìn. Ó wọ káfé, ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí Ọlámipọ̀: "Ọwọ́ rẹ dáa. Ìwé wa ni kò dáa. Mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún lèmi náà rí. Fi nọ́ńbà fóònù rẹ ránṣẹ́." Lẹ́yìn náà ó kọ̀wé sí àwọn tó ni jọ́nà, ó so àwòrán ojú ìwé tó fi ọwọ́ kọ mọ́ ọn, ó ní òtítọ́ nìyí, kí wọ́n fa ìwé náà yọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí àlejò fi dé Kuje. Ọláníran ni, pẹ̀lú Bàbá Ògúnjìmí, àgbàlagbà àdúgbò, ọ̀rẹ́ Àmúsà nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ èso dání. Yíwọlá fún wọn lága, ó fún wọn lómi. Ṣẹ̀fíátù dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi," Bàbá Ògúnjìmí bẹ̀rẹ̀, "bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Àwọn ará jọ́nà ti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ. Ó ti gbà pé nǹkan wọ́. Ohun tí a bá wá kò le. Tún kọ̀wé sí àwọn òyìnbó náà, sọ pé ìwọ lo tẹ iṣẹ́ náà, pé ọwọ́ rẹ ló ṣèèṣì lórí pọ́íǹtì yẹn. Tẹkinọ́lọ́jíìsì ni ọ́, kò sí oyè tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ. Tọ̀gá rẹ ni yóò bàjẹ́, ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́."

Ṣẹ̀fíátù gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un gbọ́ nínú ara rẹ̀. Nítorí pé òun kò ní nǹkan kan, kí òun fún wọn ní èyí tó kù. Ó rò pé òun máa pariwo, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó wọlé, ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó tẹ nọ́ńbà kan, ó sì ṣe é kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Hẹ́lò? Àǹtí Ṣẹ̀fíátù?" Ohùn ọmọbìnrin kan ni, ó dún bí ẹni pé ó wà ní pálọ̀.

"Ọlámipọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníran wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

Ó na fóònù sí ọ̀gá rẹ̀. Ọláníran gbà á nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe.

"Ẹ káàsán sà!" ni Ọlámipọ̀ wí. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pinnu bóyá kí n máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kí n padà sílé. Gbogbo wọn níbí ló ń sọ pé bóyá irọ́ ni ìwé yẹn. Èmi ni mò ń bá wọn jà, sà. Mo ní àwọn èèyàn wa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àǹtí kọ̀wé sí mi pàápàá, mo rò pé wọn kò rántí dáadáa ni. Sà? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ọláníran la ẹnu. "Ọmọ mi..." ni ó wí, kò sì rí ohun tó máa fi tẹ̀lé e. Àtàǹpàkò rẹ̀ wá bọ́tìnnì pupa kiri títí ó fi tẹ̀ ẹ́.

Yíwọlá ló kọ́kọ́ dìde. "Bàbá Ògúnjìmí," ni obìnrin náà wí, jẹ́jẹ́, "ẹ bá mi gbé èso yẹn padà."

Wọ́n lọ. Ṣẹ̀fíátù tún pe Ọlámipọ̀, ó fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà yé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìwé tó fi ọwọ́ kọ ránṣẹ́ sí i kó lè fi han ọ̀gá rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, jọ́nà tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ti fa ìwé náà yọ, orúkọ àwọn méjèèjì sì wà lórí ìkéde náà, bákan náà, láìsí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó parọ́ àti ẹni tó sọ òtítọ́. Yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde. Ọ̀kan nínú wọn bi Ṣẹ̀fíátù pé kí ló dé tí kò wá sọ ọ́ fún àwọn níkọ̀kọ̀, kó tó lọ dójú ti àwọn lọ́dọ̀ òyìnbó. Ó dá a lóhùn pé, "Ẹni tí a parọ́ fún ni mo sọ ọ́ fún, sà." Wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún Ọláníran. Ó fi ipò olórí ẹ̀ka sílẹ̀ fún ọdún kan, wọ́n sì dá a padà sí i. Ní ti Ṣẹ̀fíátù, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìkóhunsí, kó máa ka ìgò ásíìdì. Wọ́n gba pọ́ǹpù padà ní Kuje, wọ́n tì í mọ́ yàrá kan, wọn kò sì fún un ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í kí i mọ́, àfi ọ̀kan tó sọ fún un lójú ọ̀nà pé, "Àǹtí, ẹ ṣe é jù." Ọdún 2008 ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú Festac.

Àwọn èèyàn ń sọ fún un pé kó fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2009, lẹ́tà kan dé pé ẹrù rẹ̀ wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Festac. Ìwé ńlá kan ni, iṣẹ́ oyè dókítà Ọlámipọ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ti yí àwọn ohun tó yọ bí apá àti ìrù lára hóró pupa náà padà kí àwọn hóró náà má baà máa dì jọ, ó sì ti gbé e kọjá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún díẹ̀. Ṣẹ̀fíátù dúró síbẹ̀ kà á, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ojú ewé kọkàndínlógún ló ti rí i: "Ṣ. Àmúsà, Kuje-Amuwo, 2003. Pupa láti inú ọ̀dà ọkọ̀. 0.3, òótọ́ sì ni."

Inú rẹ̀ dùn. Ó dùn gan-an, fún bíi ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ó ṣí ojú ewé tó kàn, ó rí bí ọmọ náà ṣe yí apá pupa ọ̀hún padà, ó sì rí i pé kò le. Òun náà ti rò ó rí, ní yàrá ẹ̀yìn yẹn, nígbà tí òun ń dúró de iná. Ká ní wọ́n ti tẹ òtítọ́ jáde ni, ká ní wọ́n fi pọ́ǹpù yẹn sílẹ̀ fún òun, ìgbésẹ̀ kejì yìí ì bá ti ọwọ́ òun jáde. Pọ́ǹpù wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa, ó ń gba eruku, ẹnì kankan kò lò ó.

"Àǹtí, ṣé kò sí wàhálà?" ni obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ béèrè. "Ṣé ìròyìn burúkú ni?"

"Rárá," ni Ṣẹ̀fíátù wí, bí ẹni tó ń jà. "Ìròyìn ayọ̀ ni."

Ó ki ìwé náà bọ abíyá, ó sì jáde sínú oòrùn.